Kí ẹ tó tú òrùlé ilé bàbá ńlá yín

Iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe, ilé àtijọ́ ni mo sì máa ń tún ṣe jù. Iye tí páànù tuntun máa jẹ́ ni àwọn ọmọ onílé kọ́kọ́ máa ń bi mí. Ìyẹn kò burú. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé káfíńtà tàbí bíríkìlà ni bàbá ńlá yín, tí òun fúnra rẹ̀ ló sì kan ilé náà, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Káfíńtà abúlé kì í sábà kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tó mọ̀, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ìgbà tí owó wà àti ìgbà tí kò sí, ara iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí a bá ti dáná sun pákó náà tán, kò sẹ́ni tó tún lè bi í.

Orí àjà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àkàbà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, kí ẹ tan iná náà sí ẹ̀gbẹ́ pákó, kì í ṣe ojú rẹ̀ gan-an, kí ìlà ara rẹ̀ lè yọ. Kí ẹ̀rọ ìlagi tó dé ìgbèríko, ènìyàn méjì ló ń la gẹdú. Wọ́n á gbẹ́ kòtò, wọ́n á gbé ìtì igi dábùú ẹnu rẹ̀, ọ̀kan á gun òkè, ìkejì á wọ inú kòtò, wọ́n á sì jọ máa fa ayùn gígùn. (Ẹni ìsàlẹ̀ ni ìyẹ̀fun igi ń dà sí lójú, ẹ lè fọkàn rò ó, ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi síbẹ̀.) Ìlà ara pákó tí wọ́n bá là báyìí máa ń gùn gbọọrọ, á dagun díẹ̀, kò sì ní dọ́gba, torí ọwọ́ ènìyàn máa ń rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ olóbìírí bá là, ìlà rẹ̀ máa ń tẹ̀ kọrọdọ, gbogbo wọn á sì tẹ̀ bákan náà. Bí ẹ bá rí oríṣi méjèèjì lábẹ́ òrùlé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi kún ilé náà nígbà kan. Ẹ lọ béèrè ẹni tó fi kún un.

Ẹ wo igi náà pẹ̀lú. Ìrókò àti apá kì í ya ikán lára láti jẹ. Arère rọrùn láti gbẹ́, ó fúyẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Bí pálọ̀ bá jẹ́ ìrókò, tí yàrá ẹ̀yìn wá jẹ́ arère, èmi kì í rò pé bàbá kò mọ iṣẹ́. Owó ló tán.

Ẹ má fi gbogbo ara gbára lé ọdún tí wọ́n kọ síwájú ilé. Ògiri amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, torí náà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ náà ń dùn ṣe, ẹ̀ẹ̀rùn kan lè má tó. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri lè dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí kòkó bá mówó wọlé. Ọkọ̀ òkun ló sábà ń gbé sìmẹ́ǹtì wá kí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò tó bẹ̀rẹ̀ ní 1960, kì í ṣe ohun tí àgbẹ̀ ń rà gbẹ̀fẹ́. Ara sìmẹ́ǹtì yẹn ni wọ́n kọ ọdún sí. Ilé lè ti dàgbà jù ú lọ.

Nígbà tí wọ́n bá sì sọ fún yín pé "Bàbá ló kọ́ ọ", ẹ bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ta ló mọ ògiri, ta ló kan òrùlé, ta ló ni owó? Wọ́n lè fi ọ̀wẹ̀ mọ ògiri, kí gbogbo àdúgbò pọn omi kí wọ́n sì po amọ̀, kó wá jẹ́ pé káfíńtà nìkan ni wọ́n sanwó fún.

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù lójú mi ni ti ọ̀gá rẹ̀. Níbo ni bàbá ti kọ́ṣẹ́? Àwọn míṣọ́nnárì ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì parí ní Badagry ní 1845. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó kó iṣẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà bọ̀. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú wọn, ló darí iṣẹ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó wá rọrùn láti kó páànù àti ìṣó wọ ìlú òkè. Bí ilé yín bá ní òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe sára òpó, tí ojú fèrèsé rẹ̀ sì tẹ̀ lókè, àpẹẹrẹ Àgùdà nìyẹn. Ẹnìkan láàárín ọ̀gá sí ọ̀gá ti rí i níbìkan. Ẹni tó lè tọ́ka sí ọ̀gá náà fún yín ni ọmọ iṣẹ́ bàbá tó bá ṣì wà láyé, torí òun ló ń ru àpótí irinṣẹ́ tẹ̀ lé e láti abúlé dé abúlé nígbà tí àwọn ọmọ bíbí wà nílé ìwé.

Ẹ tún lọ bá àwọn obìnrin ilé, kí ẹ ní kí wọ́n ki oríkì bàbá fún yín. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ilẹ̀kùn ọwọ́ rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, kú ní nǹkan bí 1938. Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀ lónìí, inú oríkì tí ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ kì ní 1988 ló ti wá. Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ má kàn kọ ìtumọ̀.

Ní ti ìwé, ìgbéyàwó àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ẹ wá, kì í ṣe tirẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó olófin ní àyè tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ tí bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó ń ṣe. Ẹni tí kò sí orúkọ rẹ̀ níbòmíràn lè wà níbẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ tú àpótí irinṣẹ́ náà dé ìsàlẹ̀, nítorí àwọn kan máa ń ní ìwé gbèsè. Káfíńtà abúlé ló ń kan pósí, ìdílé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kì í sì sábà lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Bí bàbá bá kọ orúkọ àti ọjọ́ sílẹ̀, àkọsílẹ̀ òkú abúlé ni ẹ mú lọ́wọ́ yẹn. Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé tí orúkọ wọn wà níbẹ̀. Ẹnìkan lè ti máa wá ọjọ́ yẹn tipẹ́.