Ó Wọ Ihò, Ṣùgbọ́n Kò Bá Ẹ̀rọ Mu

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, irin kan máa ń wà lára ògiri tó rí bí ìlàjì àwo, wọ́n fi kọ́ ìṣó, eruku ti bò ó. Gáàdì gíráńdà ni, ìyẹn irin tó ń bo apá kan díìsìkì, àwo tó ń yí tó sì ń gé irin. Gíráńdà ni ẹ̀rọ àfọwọ́dìmú tí wọ́n fi ń gé irin, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní filing machine. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti ọjà dé ni wọ́n ti tú gáàdì rẹ̀. Ẹ béèrè ìdí, wọn á ní torí iná tó ń ta ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, pé wẹ́dà kì í sá fún iná, àti pé ó ń dí àwọn lójú. Àṣìṣe ńlá nìyẹn. Dídènà iná tó ń ta jẹ́ apá kékeré nínú iṣẹ́ gáàdì. Òun ni òṣùwọ̀n ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá gbé díìsìkì tó tóbi jù wá, kò ní lè wọ abẹ́ gáàdì, òun nìkan ló lè kọ̀ ọ́.

Ihò àárín díìsìkì kò lè kọ̀ ọ́. Díìsìkì íǹṣì 4 ààbọ̀, ihò rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22.23. Ti íǹṣì 5, iye kan náà. Ti íǹṣì 7, kò yàtọ̀. Ti íǹṣì 9 tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, iye yẹn náà ni. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé díìsìkì íǹṣì 9 sórí gíráńdà íǹṣì 4 ààbọ̀ yóò rí i pé ó wọlé wẹ́rẹ́, nọ́ọ̀tì rẹ̀ fún, kò sì mì. Ọwọ́ á jẹ́rìí pé ó bá a mu. Àléébù gidi lèyí jẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣètò ẹ̀rọ yìí. Táyà tírélà kò lè wọ Corolla láéláé, torí ihò nọ́ọ̀tì wọn ò dọ́gba, kò sì sẹ́ni tó nílò ìkìlọ̀ lórí ẹ̀. Ní ti gíráńdà, gbogbo ìdènà wà lára irin kan ṣoṣo tí síkírúù kan dì mú, ìyẹn gáàdì.

Kí wá ló burú nínú díìsìkì ńlá lórí ẹ̀rọ kékeré? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀rọ kékeré, agbára kékeré ni, pé kò lè ṣe díìsìkì ńlá ní nǹkan kan. Òdìkejì rẹ̀ ló jẹ́ òtítọ́. Gíráńdà kékeré ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti íǹṣì 9, tó wúwo, tó ń dún bí ẹ̀rọ ọlọ, kì í ju nǹkan bí 6,500 lọ. Ẹ̀rọ kékeré ló ń sáré jù.

Ọmọ tó bá ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lóko rí ti mọ ìyókù. Òkúta wà nínú kànnàkànnà, ó ń fì í yípo lókè orí, bó ṣe ń le sí i ni okùn ń fa ìka rẹ̀ sí i. Bí eré òkúta bá di ìlọ́po méjì, ìfà okùn kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Díìsìkì jẹ́ kànnàkànnà tó gbé àìmọye òkúta lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo hóró líle tó ń jẹ irin ló fẹ́ fò lọ ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ wọ́n pọ̀ àti àwọ̀n fáíbà inú rẹ̀ ni okùn tó dì wọ́n mú. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ń pinnu ìgbà tí òkúta kànnàkànnà yóò fò, ó sì ti fojú sun ẹyẹ. Nínú díìsìkì, okùn ló ń pinnu, ẹni tó sì di ẹ̀rọ mú ló wà nítòsí jù.

Ìlà pupa tó wà lára díìsìkì túmọ̀ sí pé etí rẹ̀ kò gbọdọ̀ sáré ju mítà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó jẹ́ kìlómítà 288 ní wákàtí kan. Díìsìkì íǹṣì 9 lórí ẹ̀rọ tó ń yí ní 11,000 yóò sún mọ́ mítà 132. Ẹ fi ìṣirò kànnàkànnà wò ó: ìfà tó wà lórí gọ́ọ̀mù yẹn ti lé ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ èyí tí wọ́n fàyè gbà á fún. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti fi àlékún agbára sí i, ìyẹn ni kì í fi í sábà fọ́ lọ́jọ́ kìíní, òun náà ló sì ń tan èèyàn jẹ. Díìsìkì tó ti lo ọ̀sẹ̀ méjì láìfọ́ ti di ẹ̀rí lójú oníṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ àlékún yẹn ló ń jẹ lójoojúmọ́, títí tí yóò fi kan igun irin kan tàbí kó fi ẹ̀gbẹ́ gbún nǹkan.

Okùn náà a sì máa gbó. Ẹ gbé díìsìkì sójú ìmọ́lẹ̀, ẹ wo òrùka irin tó yí ihò rẹ̀ ká: ẹ ó rí oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sí i. Ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ kọjá lílò nìyẹn, ọdún 3 sí ìgbà tí wọ́n ṣe é, torí ọ̀rinrin àti ọjọ́ orí ń sọ gọ́ọ̀mù di aláìlágbára. Lára díìsìkì náà ni iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan wà: nǹkan bí 13,300 lórí íǹṣì 4 ààbọ̀, nǹkan bí 6,600 lórí íǹṣì 9.

Àwọn káfíńtà ní tiwọn. Ayùn róbótó, onírin eléyín, ni wọ́n ń dè mọ́ gíráńdà láti fi la pákó. Bí ihò rẹ̀ kò bá dọ́gba, wọ́n á fi wáṣà dí àlàfo. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe ayùn yẹn fún ń yí ní nǹkan bí 5,000, ó ní pèpéle irin tó ń jókòó lórí pákó kó má baà fì, ó sì ní ìdérí tó ń padà bo eyín fúnra rẹ̀. Gíráńdà kò ní ọ̀kankan. Bí pákó bá pa ẹnu dé mọ́ ayùn lára, eyín kò ní lè jẹ igi mọ́, gbogbo agbára yẹn á wá yí padà sára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì fò sókè sí ojú, ọrùn tàbí itan. Wọ́n máa ń ní ẹni tó bá lápá lè dì í mú. Ṣùgbọ́n kí ara èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ yóò gbà tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ayùn ti yí ní ìgbà 36 kó tó dìgbà yẹn.

Àtúnṣe mìíràn tún wà tí ewu rẹ̀ bá ilẹ̀ Nàìjíríà mu gan-an: rọ́bà tí wọ́n fi de bọ́tìnì mọ́lẹ̀ kí ìka má baà rẹ̀. Wọ́n mú iná lọ, wẹ́dà gbé gíráńdà sílẹ̀, ó lọ ra omi. Iná dé, àwọn ọmọ àdúgbò pariwo “Up NEPA!”, gíráńdà tí ẹnikẹ́ni ò dì mú sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó kiri ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó ń wọ́ wáyà rẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn gíráńdà kan wà tí kì í dáhùn bí iná bá padà, àfi tí èèyàn bá tú bọ́tìnì sílẹ̀ tó sì tún un tẹ̀. Ọgbọ́n tó dára jù lọ nínú gbogbo ẹ̀rọ yìí nìyẹn, torí rọ́bà kò lè tàn án.

Páìpù ló sábà máa ń fa díìsìkì ńlá. Díìsìkì kékeré kì í wọlé ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, páìpù íǹṣì 3 sì fẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n inú páìpù ṣófo. Mílímítà mélòó kan péré ni irin rẹ̀. Àwọn ọ̀gá tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ a máa fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, wọ́n á gé e díẹ̀, wọ́n á yí páìpù, wọ́n á tún gé e, títí ojú ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi pàdé, gáàdì á sì wà lórí ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin.