Ibi Tí Wíwá Ẹ̀jẹ̀ Ṣáájú Ìtànṣán Ti Bẹ̀rẹ̀

Nígbà tí a gbé àǹtí mi láti Ìsánlú lọ sí Ìbàdàn nítorí jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká wá. Owó ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni. Bàbá kan tó bá wa lọ fajú ro: obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kí la tún ń da ẹ̀jẹ̀ sí i lára fún? Ìyá mi ní kó lè lókun ni. Kò parọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1909, Gottwald Schwarz ní Vienna kíyè sí i pé bí wọ́n bá tẹ awọ ara mọ́lẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ò fi rí ibẹ̀ gbà dáadáa, ìtànṣán kì í fi bẹ́ẹ̀ jó o. Ọdún 1953 ni L. H. Gray àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá là á yé wa pé ọ́síjìn, ìyẹn èyí tí à ń mí sínú nínú afẹ́fẹ́, ló wà nídìí ẹ̀. Ìtànṣán a máa já DNA, okùn tó ń darí iṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí ọ́síjìn bá wà níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ojú ibi tó já, kò sì ní ṣeé tún ṣe mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tí kò rí ọ́síjìn lè gba tó ìlọ́po mẹ́ta ìtànṣán kó tó kú.

Lọ́dún 1955, Gray àti Thomlinson wo jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lábẹ́ awò: ohun tó bá ti jìnnà sí òpójẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà ti kú. Àwọn tó wà létí òkú yẹn ló burú. Wọ́n wà láàyè, ọ́síjìn ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìtànṣán ò sì rí wọn pa.

Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn kiri, nítorí náà Bush àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toronto fún àwọn obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ lẹ́jẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa lọ sílẹ̀. Èsì rere ni wọ́n gbé jáde ní 1978. Àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lé e lórí, pàápàá nígbà tí oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ já wọn kulẹ̀. Ní Mainz, Höckel ki abẹ́rẹ́ tó ń wọn ọ́síjìn bọ inú kókó jẹjẹrẹ náà gan-an: àwọn tí ọ́síjìn ò tó nínú tiwọn ló tètè ń kú, títí kan àwọn tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún.

Páìntì méjì la rí fún àǹtí mi. Ọmọ Kàbà kan tí a ò mọ̀ rí ló fún wa ní ọ̀kan. Ó gbọ́ tí à ń kíra wa ní “Okun o”, ìkíni ilé wa, lẹ́nu ọ̀nà, ó dáhùn, ó sì ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.