Ojú Ọ̀nà Ló Bí Ọdún El Rocío

Ènìyàn kì í dá lọ sí ọdún El Rocío. Ẹgbẹ́ ló ń lọ síbẹ̀. Abúlé kékeré ni El Rocío, lábẹ́ ìlú Almonte, ní ìpínlẹ̀ Huelva ní ilẹ̀ Andalusia, gúúsù orílẹ̀-èdè Sípéènì, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló ń rọ́ lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọdún Pẹ́ńtíkọ́sì láti bá Màríà Wúńdíá ṣọdún. Àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn kan ń gun ẹṣin, àwọn kan jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, ọ̀pọ̀ sì ń háyà bọ́ọ̀sì. Àwọn tó fẹ́ràn ohun àtijọ́ máa ń sọ pé bọ́ọ̀sì ti ba ọdún náà jẹ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá, ìtàn ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọdún ọ̀hún gan-an ni kò jẹ́ kí n gbà. Àwọn tó ń rìnrìn-àjò pọ̀ ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn wọn ni ṣọ́ọ̀ṣì dé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ọdún tó dé.

Ní 1262, Ọba Alfonso Kẹwàá ti Castile gba ìlú Niebla lọ́wọ́ àwọn Mùsùlùmí tó ń jọba níbẹ̀. Ilẹ̀ tó lọ láti Niebla títí dé ẹnu odò Guadalquivir bọ́ sí abẹ́ ìjọba rẹ̀: igbó, irà àti iyanrìn, ilẹ̀ tí ẹran ìgbẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju ènìyàn lọ. Ohun tó dájú jù lọ tí a ní nípa ibẹ̀ láyé ìgbà yẹn wà nínú ìwé ọdẹ tí Ọba Alfonso Kọkànlá mú kí wọ́n kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Ìwé náà ń ka àwọn ibi tó dára láti lé ẹlẹ́dẹ̀ igbó. Nígbà tó dé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Rocinas, ó ní ilẹ̀ tó tẹ́jú ni, pé igbó ló kún un, àti pé ibi tó dára jù láti dọdẹ níbẹ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan tí wọ́n ń pè ní Santa María de las Rocinas.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò gùn, ṣùgbọ́n ẹ tún un wò. Ọ̀rọ̀ ọdẹ ni. Ó fi ṣọ́ọ̀ṣì júwe ọ̀nà, bí ẹni tó mọ̀ pé gbogbo ẹni tó ń gba ibẹ̀ kọjá ló mọ ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ta wá ni wọ́n kọ́ ọ fún? Kò sí ìlú níbẹ̀. Almonte tó sún mọ́ ọn tó kìlómítà 15 síbẹ̀. Ìdáhùn tó wọ̀ mí lọ́kàn ni pé oríta ni. Ọ̀nà kan wá láti ìlú ńlá Seville, ó gba ìlú kékeré Mures kọjá. Òmíràn wá láti Niebla àti Almonte. Ẹ̀kẹta wá láti Sanlúcar de Barrameda, níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá Guadalquivir kí wọ́n tó gba inú igbó tí à ń pè ní Doñana lónìí. Ìtòsí odò La Rocina ni wọ́n ti ń pàdé.

Ẹni tó bá mọ bí irà yẹn ti ń kún ní àsìkò òjò yóò mọ̀ pé òǹkọjá kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ dá a gbà. Darandaran ń kọjá níbẹ̀, ọlọ́dẹ ń kọjá, ó sì ṣeé ṣe kí ẹlẹ́ja máa ti Sanlúcar bọ̀ pẹ̀lú ìbaaka rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n ní láti sùn síbì kan. Tí omi bá kún, wọ́n ní láti dúró de ara wọn. Mo gbà gbọ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń tan fìtílà fún Màríà kí wọ́n tó bọ́ sínú omi, tí wọ́n tún ń dúpẹ́ níbẹ̀ tí wọ́n bá dé láyọ̀. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn tó ń pàdé níbẹ̀ di ojúlùmọ̀, ojúlùmọ̀ di ẹlẹ́gbẹ́, ẹlẹ́gbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí dájọ́ ìrìn-àjò fún ara wọn. Gbogbo ohun tí à ń rí níbẹ̀ lónìí ti wà nínú ìyẹn tán.

Àwọn kan wà tó ń sọ pé òrìṣà obìnrin kan ni wọ́n ń sìn níbẹ̀ kí ẹ̀sìn Kristi tó dé, pé òun ló kàn yí orúkọ padà. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún gbọ́ ni, àmọ́ wọn kò mú àfọ́kù ìkòkò kan ṣoṣo wá tó so ère Màríà yìí mọ́ òrìṣà wọn. Ẹ jẹ́ ká fi wọ́n sílẹ̀.

Ìtàn tí àwọn ará Almonte dì mú wà nínú ìwé òfin ẹgbẹ́ wọn ti ọdún 1758. Ó ní nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún wọlé, ọkùnrin kan wà ní La Rocina tí ajá rẹ̀ ń gbó mọ́ igbó ẹlẹ́gùn-ún kan. Ó fi ipá wọ inú ẹ̀gún, ó sì rí ère Màríà tó dúró lórí kùkùté igi gbígbẹ, pẹ̀lú aṣọ ọ̀gbọ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín funfun àti àwọ̀ ewé. Ó gbé e lé èjìká, ó dorí kọ Almonte. Ó rẹ̀ ẹ́ lọ́nà, ó sùn lọ. Nígbà tó jí, kò rí ère mọ́. Ó padà sẹ́yìn, ó sì bá a lórí kùkùté tó ti gbé e. Ìgbà náà ló lọ pe àwọn àlùfáà àti ará ìlú, wọ́n sì kọ́ ilé fún Màríà síbi tí òun fúnra rẹ̀ yàn.

Ìtàn tó dára ni, ó sì wúlò fún ẹjọ́ tí mò ń rò, nítorí Màríà inú ìtàn náà kọ̀ láti wọ ìlú. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ní òun fẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rí, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìwé ọba ti dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, báwo ni wọ́n ṣe wá rí ère rẹ̀ nínú igbó ní ìkẹẹ̀ẹ́dógún? Àwọn tó mọ iṣẹ́ ọnà sì ń sọ pé ère náà fúnra rẹ̀ ti wà láti òpin ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Ìwé 1758 kò tilẹ̀ mọ irú ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́: ó ní bóyá ẹran ló ń dà, bóyá ọdẹ ló ń ṣe. Kò dárúkọ rẹ̀.

Villamanrique de la Condesa ló mọ orúkọ náà. Ìlú yìí ni Mures àtijọ́ tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún ló gba orúkọ tuntun. Wọ́n ní ọdẹ ni ọkùnrin náà, pé Goro Medina ni, Gregorio lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, pé ọmọ àwọn sì ni. Àwọn ará Almonte máa ń fèsì pé lórí ilẹ̀ àwọn ni wọ́n ti rí ère. Òótọ́ ni, ilẹ̀ wọn ni, ṣùgbọ́n onílẹ̀ nìkan kọ́ ló ń rí ohun tó wà nínú igbó rẹ̀. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti ìhà Seville, Mures ló máa gbà kó tó dé La Rocina, ọdẹ ibẹ̀ sì mọ igbó yẹn dénú. Tí a bá fi orúkọ Goro sílẹ̀ pàápàá, kókó ọ̀rọ̀ Villamanrique ṣì dúró: àjèjì tó ń kọjá lọ ló bá Màríà pàdé. Tiwọn ni mo fara mọ́.

Ní 1587, Baltasar Tercero, ọmọ Seville kan tó ti sọdá òkun lọ sí Lima ní Peru, fi owó sílẹ̀ kí wọ́n fi máa tọ́jú àlùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì Rocinas. Ẹni tó wà ní Peru tó ṣì ń rántí ṣọ́ọ̀ṣì inú irà, kò ní jẹ́ ará Almonte kó tó mọ̀ ọ́n. Òkìkí ṣọ́ọ̀ṣì náà ti bá èrò ọ̀nà rìn dé Seville, láti Seville dé èbúté, láti èbúté dé òkè òkun.

Ọdún 1653 ni Almonte yan Màríà yìí ní alábòójútó ìlú wọn. Àsìkò yẹn ni Rocinas di Rocío, tó túmọ̀ sí ìrì, tí ọdún rẹ̀ sì fi oṣù September sílẹ̀ bọ́ sí Pẹ́ńtíkọ́sì. Orúkọ náà bá ọdún mu, nítorí àdúrà Ìjọ Àgùdà fún Pẹ́ńtíkọ́sì máa ń bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ pé kó sẹ̀ sórí ọkàn bí ìrì. Ibẹ̀ náà ni oríkì Màríà ti wá, Àdàbà Funfun, tí wọ́n ń ké títí ohùn yóò fi ha. Mo sì rí àǹfààní mìíràn nínú ìyípadà náà: ní Pẹ́ńtíkọ́sì, irà ti ń gbẹ, kẹ̀kẹ́ lè kọjá.

Ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó Lisbon ní ọjọ́ kìíní oṣù November 1755 ló wó ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ náà. Wọ́n gbé ère lọ sí Almonte, ibẹ̀ ló wà títí di 1760. Ẹ ronú sí i: Almonte ní ère lọ́wọ́ ní gbogbo ọdún yẹn, ó sì ní ìlú tó dára láti gbé e sí, síbẹ̀ wọ́n dá a padà sínú irà. Àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ láti ìlú mìíràn kò mọ ọ̀nà ibòmíràn.

Ẹgbẹ́ Villamanrique ni wọ́n ń pè ní àkọ́kọ́ nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé ti Almonte. Pilas, La Palma del Condado, Moguer àti Sanlúcar tẹ̀ lé e. Triana, àdúgbò tó wà lódìkejì odò ní Seville, dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1813, Umbrete ní 1814, Coria del Río ní 1849, Huelva ní 1880. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, Antoine d'Orléans, Duke Montpensier, tó ń gbé Seville pẹ̀lú aya rẹ̀ Luisa Fernanda, àbúrò ọbabìnrin, ní ààfin ní Villamanrique, ó sì ń bá wọn lọ sọ́dún. Láti ìgbà yẹn ni àwọn olówó Seville ti fẹ́ kí wọ́n rí àwọn náà lọ́nà El Rocío.

N kò lè kọjá láì sọ̀rọ̀ nípa Quema. Ibi tí odò Guadiamar kò ti jìn ni, ní ìtòsí Villamanrique, ibẹ̀ sì ni Triana àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ láti ìhà Seville ń gbà. Màlúù á wọ omi, kẹ̀kẹ́ onífàdákà tó gbé àsíá Màríà á tẹ̀ lé wọn, èrò á dúró sínú omi dé orúnkún, wọ́n á máa kọrin. Onílù á fi ọwọ́ òsì fọn fèrè, á fi ọwọ́ ọ̀tún lu ìlù tó gbé kọ́ apá, òun nìkan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ eléré. Ẹni tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nìyẹn, wọ́n á ní kó tẹrí ba. Ẹni tó ti pẹ́ lójú ọ̀nà á fi fìlà bu omi odò, á dà á sí i lórí, á sì sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí ẹgbẹ́ yóò máa fi pè é lọ́nà. Àlùfáà kò ní ọwọ́ sí i, kò sì sí nínú ìwé òfin kankan. Àṣà àwọn tó ń rìn ni, ó sì jìnnà sí El Rocío.

Ìyókù kò pẹ́ láti sọ. Ní 1919 wọ́n fi àṣẹ Ìjọ dé ère ládé. Wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nílẹ̀, wọ́n ya èyí tó wà níbẹ̀ báyìí sí mímọ́ ní 1969, ọdún kan náà tí ìjọba sọ Doñana di igbó ìpamọ́ ẹranko ti orílẹ̀-èdè. Póòpù John Paul Kejì débẹ̀ ní oṣù June 1993. Ọ̀nà ọ̀dà dé abúlé náà, bọ́ọ̀sì sì tẹ̀ lé e, àwọn ẹgbẹ́ tuntun wá jìnnà dé Madrid àti Barcelona.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tún ní ọjọ́ kan mìíràn nínú ọdún, yàtọ̀ sí Pẹ́ńtíkọ́sì, tí wọ́n ń lọ kí Màríà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n sábà máa ń gbà lọ́jọ́ náà. Wọ́n á pàdé níwájú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wọn láàárọ̀ kùtù, bí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ìyálọ́jà wa tó fẹ́ jọ lọ síbi ìnáwó. Àwọn àgbà obìnrin á jókòó síwájú, mẹ́dà ẹgbẹ́ tó so mọ́ okùn á wà lọ́rùn kálukú, pòtétò àti ẹyin tí wọ́n dín pọ̀ á ti wà nínú àwo, onífèrè á dúró láàárín ìjókòó. Bọ́ọ̀sì kò lè wọ àárín abúlé, nítorí iyanrìn ni gbogbo títì ibẹ̀ títí dòní. Etí abúlé ni yóò ti já wọn sílẹ̀, wọ́n á tò tẹ̀ lé àsíá, wọ́n á sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Ẹni tó ní ìyẹn kì í ṣe ìrìn-àjò mímọ́, kó sọ ohun tó kù nínú rẹ̀ fún mi.

Ní ọ̀sán Sátidé ṣáájú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn ẹgbẹ́ á tò kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi ara wọn hàn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹgbẹ́ Almonte yóò sì gbà wọ́n lálejò. Bí ẹgbẹ́ ti dàgbà tó ni wọ́n fi ń tò ó. Villamanrique ló ń kọ́kọ́ wọlé.