Olùtọ́jú Eyín Abúlé ní Alaska

Olùtọ́jú eyín abúlé, tí wọ́n ń pè ní DHAT (ìyẹn Dental Health Aide Therapist) ní Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, jẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín fún ọdún méjì, tó sì padà sí agbègbè rẹ̀ láti máa tọ́jú àwọn èèyàn tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kì í ṣe dókítà eyín, abẹ́ dókítà eyín ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ dókítà náà lè wà ní ìlú tó jẹ́ pé bàálù nìkan ló lè gbéni débẹ̀. Alaska Native Tribal Health Consortium, àjọ ìlera àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Anchorage, ló ń bójú tó ètò náà.

Bí ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí ló fà á. Alaska fẹ̀ débi pé ó súnmọ́ ìlọ́po méjì Nàìjíríà, síbẹ̀ àwọn tó ń gbébẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju 700,000 lọ. Ọ̀pọ̀ abúlé àwọn Yup'ik, Inupiat àti àwọn ẹ̀yà mìíràn kò ní títì tó dé ìlú ńlá. Bàálù kékeré, ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ orí yìnyín ni wọ́n ń wọ̀. Láyé àtijọ́, ẹja àti ẹran ìgbẹ́ ló pọ̀ jù nínú oúnjẹ wọn, ṣúgà kò sì wọ́pọ̀. Nígbà tí ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ìpápánu aládùn kún ṣọ́ọ̀bù abúlé, eyín àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Dókítà eyín tó máa ń yà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kì í ráyè ṣe ju pé kó yọ eyín tó ń roni, kó sì wọ bàálù padà. Ẹni tí àkokoro bá mú lẹ́yìn tó ti lọ, àfi kó fara dà á tàbí kó wá owó bàálù.

Orílẹ̀-èdè New Zealand ni wọ́n ti rí àwòkọ́ṣe. Ní 1921, ìjọba ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì eyín, kí wọ́n lè máa tọ́jú àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dókítà eyín kan, Thomas Hunter, ló ṣagbátẹrù rẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dúpẹ́ o: “ilé ìpànìyàn” ni wọ́n sọ ilé ìwòsàn náà. Síbẹ̀ ètò yìí tàn dé orílẹ̀-èdè tó ju 50 lọ.

Níwọ̀n bí kò ti sí ilé ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà nígbà náà, Yunifásítì Otago ní New Zealand ni wọ́n rán àwọn ọmọ Alaska àkọ́kọ́ lọ ní 2003. Kò pẹ́ tí wọ́n padà dé Alaska tí ọ̀ràn fi di ti kóòtù. Ní 2006, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín ní Amẹ́ríkà àti ẹ̀ka rẹ̀ ní Alaska pẹjọ́ pé àwọn tí kò ní ìwé àṣẹ dókítà ń ṣe iṣẹ́ dókítà. Àmọ́ òfin ìjọba àpapọ̀, kì í ṣe ti ìpínlẹ̀, ló wà nídìí ìlera àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn olùtọ́jú náà láre ní 2007. Ọdún yẹn kan náà ni Yunifásítì Washington dara pọ̀ mọ́ àjọ náà láti máa kọ́ wọn nílé. Lónìí, Iḷisaġvik College, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Alaska, ni àjọ náà ń bá ṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ wọn ní ààlà. Wọ́n ń fọ eyín, wọ́n ń fi fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín, pa á, wọ́n ń dí ihò eyín, wọ́n ń dé eyín àkọ́hù tó ti bàjẹ́ ní adé irin, wọ́n sì ń yọ eyín tí yíyọ rẹ̀ kò le. Eyín àtọwọ́dá, iṣẹ́ abẹ àti ìtọ́jú gbòǹgbò eyín àgbàlagbà di ti dókítà. Kí ẹnikẹ́ni tó gba ìwé ẹ̀rí, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lójú dókítà fún wákàtí 400, ó kéré tán. Lẹ́yìn náà, ọdún méjì méjì ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò. Bí ọ̀rọ̀ kan bá rú u lójú, yóò fi àwòrán X-ray ránṣẹ́ sí dókítà, wọn yóò jọ sọ ọ́ lórí fóònù.

Ohun tó mú ètò yìí yàtọ̀ ni pé olùtọ́jú náà kì í ṣe àlejò. Ọmọ tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ lónìí lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì bá ẹni kan náà. Ìyá lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù abúlé, tó sì lóye ìdí tí omi tó mọ́ fi lè ṣọ̀wọ́n ju ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ.

Ìwádìí tí RTI International, àjọ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2010 fi hàn pé ìtọ́jú wọn kò léwu, ó sì kúnjú òṣùwọ̀n. Òmíràn tó jáde ní 2018, láti agbègbè Yukon-Kuskokwim ní Alaska, rí i pé níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù, eyín iwájú tí wọ́n ń yọ dín kù láàárín àwọn ọmọdé, ìtọ́jú tó ń dènà àìsàn sì pọ̀ sí i. Ìbátan ni ìyẹn fi hàn, kò fi dandan jẹ́ pé àwọn nìkan ló fà á.

Ìpínlẹ̀ Minnesota ṣe òfin tó fàyè gba irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní 2009, Maine tẹ̀ lé e ní 2014. Ní 2016, ẹ̀yà Swinomish ní ìpínlẹ̀ Washington gba olùtọ́jú eyín tirẹ̀ síṣẹ́ láìdúró de òfin ìpínlẹ̀.