Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀yìn ìbímọ: kí ló ń ṣẹlẹ̀ láàárín ìbí àti ìkómọ?

Bí obìnrin bá ti bímọ tán nílẹ̀ Èkìtì, tí ibi ọmọ sì ti jáde, ohun tí gbogbo ilé máa ń sọ ni "Ẹ kú ewu ọmọ o." Ewu ti kọjá, ó ku ká wá owó ìkómọ, ká wá iṣu tí a ó gún. Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí kíkí yẹn, nítorí pé fún obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún, ewu kò tíì kọjá lọ́jọ́ tó bímọ. Láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìbí ni ìfúnpá sábà máa ń ga jù. Àwọn ọjọ́ yẹn gan-an ni àlejò ń wọlé tí àlejò ń jáde, tí kò sẹ́ni tó ń wo ojú ìyá ọmọ.

Ojú mi ló ṣe nílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìkẹ́rẹ́. Ọjọ́ kẹrin tó bímọ ni orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní àìsùn ni, pé ọmọ kì í jẹ́ kó fojú kan oorun, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ó lo parasitamọ́ọ̀, kò lọ. Ìgbà tó ní nǹkan ń kọ yẹ́ríyẹ́rí lójú òun ni agbẹ̀bí kan ládùúgbò ní ká wọn ìfúnpá rẹ̀. Ó jẹ́ 178 lórí 112. Alẹ́ ọjọ́ yẹn la gbé e padà sí ọsibítù. Ó yè, ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri báyìí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbàgbé bí a ṣe sún mọ́ etí kòtò tó.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà wò. Ìfúnpá ni à ń pè é nítorí pé apá ni ẹ̀rọ náà ń fún. Ó máa ń fún un títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní rí ọ̀nà kọjá, á wá máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nọ́ńbà méjì ló ń mú wá. Ti òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Ti ìsàlẹ̀ ni agbára tó ṣẹ́ kù nígbà tí ọkàn bá sinmi kó tó tún lù. Bí ti òkè bá dé 140, tàbí ti ìsàlẹ̀ dé 90, tí wọ́n sì tún un wọ̀n tí kò yí padà, ẹ̀jẹ̀ ti ru. Bó bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, pàjáwìrì ni. Kò yẹ kí wákàtí kan kọjá kí ó tó gba oògùn.

Orúkọ náà, ẹ̀jẹ̀ ríru, máa ń ṣi wá lọ́nà. Òkun ń ru, ìbínú náà ń ru, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé ìrònú ló fà á, tí wọ́n á máa bẹ abiyamọ pé, "Ìyàwó mi, má ronú mọ́." Ìrònú kọ́. Ara ibi ọmọ ni wàhálà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oyún ṣì kéré, ó yẹ kí àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbi ọmọ fẹ̀ dáadáa. Nínú àwọn obìnrin kan, wọn kì í fẹ̀ tó. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibi ọmọ á kéré, ibi ọmọ á sì máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá, èyí tó ń ba awọ inú iṣan jẹ́ káàkiri ara. Bó bá kan kíndìnrín, púrótíìnì á máa jò sínú ìtọ̀; ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì fi máa ń ní kí aboyún tọ̀ sínú ike. Bó bá kan ẹ̀dọ̀, abẹ́ ìhà ọ̀tún á máa ro ó. Bó bá kan ọpọlọ, ẹ̀fọ́rí dé, ojú á ṣókùnkùn, gìrì sì lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí oyún bá ti pé 20 ọ̀sẹ̀ ni èyí sábà máa ń fara hàn. Ohun tí dókítà ń kọ sí káàdì ni pre-eclampsia; bí gìrì bá ti gbé e, ó di eclampsia.

Kí wá ló dé tí kì í fi í tán lọ́jọ́ tí ibi bá jáde? Bí a bá fa igi yọ lábẹ́ ìkòkò, omi inú rẹ̀ ò ní tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn èròjà yẹn ṣì wà lára, awọ iṣan tó ti bà jẹ́ sì nílò ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó san. Ohun kejì ni omi. Omi tó mú kí ẹsẹ̀ aboyún wú kì í ṣàdédé pòórá: ó ń padà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbí kí ìyá tó tọ̀ ọ́ dànù, òun ló sì ń ti ìfúnpá sókè ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà yẹn. Ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ dára jálẹ̀ oyún náà lè bá a pàdé nígbà yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́.

Láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́ ni gìrì ẹ̀yìn ìbí wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ó lè wá títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀fọ́rí tí kò gbọ́ oògùn, ojú tó ń ṣú tàbí tó ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn, ìrora abẹ́ ìhà ọ̀tún, èémí tó ń há, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì: ọ̀kan péré tó láti gbé e lọ sí ọsibítù lóru. Bí gìrì bá gbé e, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má rọ àgbo sí i lọ́nà ọ̀fun. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wá ọkọ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún àdúrà, àwọn ìyá tó ń gbẹ̀bí ní ilé àbíyè sì ti tọ́jú ọ̀pọ̀ obìnrin, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni ó ń dá gìrì yìí dúró. Ní 2002, ìwádìí kan tó kó obìnrin tó lé ní 10,000 jọ ní orílẹ̀-èdè 33 fi hàn pé ó dín gìrì kù ju ìdajì lọ. Wọ́n sábà máa ń fún un títí di wákàtí 24 lẹ́yìn ìbí. Ẹ má tìtorí owó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá yín sílẹ̀ kó tó pé.

Àjọ ìlera àgbáyé ní kí a yẹ ìyá wò ní wákàtí 24 àkọ́kọ́, ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàárín ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru rí nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójoojúmọ́ ni mo rò pé ó yẹ kí wọ́n máa wọ̀n ọ́n títí ìkómọ yóò fi kọjá. Kò dìgbà tí ẹni tó wà ní Ìlawẹ́ tàbí Ìkọ̀lé bá wọkọ̀ lọ sí ọsibítù ńlá ní Adó tàbí Ìdó. Sẹ́ńtà ìlera àdúgbò tó, ẹ̀rọ alápá tí ẹ̀yin náà rà sílé sì dára. Kí ó tọ̀, kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó má kọ́ ẹsẹ̀ léra, kí ó má sọ̀rọ̀, kí apá rẹ̀ wà ní déédéé àyà, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀.

Nípa oúnjẹ, iyán kọ́ ni ọ̀tá. Iyọ̀ ni, àti ohun tí iyọ̀ sá pamọ́ sí: màgí inú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ẹja oníyọ̀, káún tí wọ́n ń fi se ẹ̀wà tàbí tí wọ́n ń fi sínú àgbo. Gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́ kò ju ṣíbí tíì kan lọ.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò ní kí ìyá má fún ọmọ lọ́mú. Nifedipine, labetalol àti enalapril wà lára èyí tí wọ́n ń fún ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú. Aldomet tó lò nínú oyún lè dá ìbànújẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà máa ń pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìbí. Ẹ jẹ́ kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, ìfúnpá ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń padà sípò. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n so wíwọ̀n ìfúnpá mọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ìkẹwàá àti ìkẹrìnlá. Lọ́jọ́ kan náà ni kí ìyá na apá tirẹ̀. Bó bá ṣì ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjìlá, ó ti di ẹ̀jẹ̀ ríru tí a ó máa tọ́jú lọ. Bó bá lọ sílẹ̀, kí ó ṣì máa wọ̀n ọ́n lọ́dọọdún, nítorí pé ewu àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ lọ́jọ́ iwájú fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin tí kò ní in rí.

Tó bá fẹ́ fètò sọ́mọ bíbí, kí ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí: oògùn oníhóró tó ní ẹ́sítírójìn kò yẹ ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ ga. Tí oyún mìíràn bá sì dé, kí ó sọ ọ́ lọ́jọ́ tó lọ forúkọ sílẹ̀, kí ó má dúró dìgbà tí ikùn bá yọ. Ó lè jẹ́ pé ó nílò aspirin kékeré, èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù bí a bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 16. Enalapril ní tirẹ̀ kò dára fún oyún rárá, nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó gbèrò àtilóyún.