Rótìmí Akérédolú àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba

Olúwarótìmí Ọdúnayọ̀ Akérédolú (21 oṣù Keje, 1956 – 27 oṣù Kejìlá, 2023), tí aráàlú ń pè ní Akétí, jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà àti olóṣèlú ọmọ ìlú Ọ̀wọ̀, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ọdún 2017 títí di ọjọ́ ikú rẹ̀. Nínú àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ìgbà rẹ̀, ohùn rẹ̀ wà lára èyí tó le jù lórí ààbò ilẹ̀ baba, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà ya kúrò lábẹ́ òfin Nàìjíríà.

Ọ̀wọ̀ wà ní ìlà-oòrùn Àkúrẹ́, kò ju nǹkan bíi 50 kìlómítà lọ. Ibẹ̀ náà ni Michael Adékúnlé Ajásin, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ náà, ti wá. Bí ọdún Igogo bá dé, Ọlọ́wọ̀, ọba ìlú náà, a di irun bí obìnrin, a sì kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn. Ìlù kì í dún, ẹnikẹ́ni kì í dé fìlà, agogo nìkan là ń gbọ́. Akérédolú kàwé ní Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ìbàdàn àti Ayétòrò, kó tó gba oyè ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́dún 1977. Láti ọdún 2008 sí 2010, òun ni ààrẹ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà. Nígbà tó di gómìnà, ó ní kí wọ́n má fi oyè ńláńlá pe òun, Arákùnrin ni kí wọ́n máa pe òun.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá, tí òun jẹ́ alága wọn, ṣí ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn. Mínísítà ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ní kò bófin mu. Òfin náà ni Akérédolú fi dá a lóhùn: ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé àbádòfin tirẹ̀ lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, Oǹdó sì fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún náà.

Ọ̀rọ̀ tó mú kí gbogbo Nàìjíríà gbọ́ orúkọ rẹ̀ jáde ní 18 oṣù Kìíní, 2021, nígbà tó fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje láti kúrò nínú àwọn igbó ọba ìpínlẹ̀ náà, nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn. Ó tún ka fífi màlúù jẹko lóru àti fífi ọmọdé da ẹran léèwọ̀. Agbẹnusọ Ààrẹ ní gómìnà kò lè dá lé ẹnikẹ́ni jáde. Akérédolú kò yẹhùn, ó ní àwọn ọ̀daràn tó ń fi igbó ṣe ibùba lòun ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yà kan. Ní oṣù Karùn-ún, òun ló ṣáájú àwọn gómìnà 17 láti gúúsù tó fòfin de ìfẹranjẹko ní gbangba nípàdé wọn ní Asaba. Síbẹ̀, nígbà tí ariwo ìyapa Yorùbá ń le sí i lọ́dún yẹn, ó sọ gbangba pé Oǹdó kò sí níbẹ̀. Àtúntò Nàìjíríà ni òun fẹ́, àti ọlọ́pàá ìpínlẹ̀.

Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà, 2022, àwọn agbébọn kọlu ìjọ Àgùdà St. Francis ní Ọ̀wọ̀, níbi tí kò jìnnà sí ààfin, wọ́n sì pa ó kéré tán èèyàn 40. Abuja ni gómìnà wà nítorí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀. Ó padà wálé lọ́jọ́ náà. Nígbà ìsìnkú wọn ní 17 oṣù Kẹfà, ó gbà pé àwọn kùnà láti dáàbò bo àwọn tó kú. Ní oṣù Kẹsàn-án, ó bèèrè pé èéṣe tí wọ́n fi gba àwọn ẹ̀ṣọ́ Katsina láyè láti gbé ìbọn ńlá, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́ fún Àmọ̀tẹ́kùn.

Ó kú ní Jámánì lẹ́yìn àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 23 oṣù Kejì, 2024.