Iná ńlá kì í fọ ihò èéfín

Láàárín àwa tá a ń fi igi yan búrẹ́dì n'Íbàdàn, bí ihò èéfín bá ti ń dí, ìmọ̀ràn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ ki igi gbígbẹ sí i, ẹ jẹ́ kó jó dáadáa, iná á jẹ gbogbo ìdọ̀tí ibẹ̀ tán." Àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń da kẹrosíìnì sí i. Irọ́ ni, irọ́ tó sì lè sun ilé ni.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ilé búrẹ́dì kan nítòsí Ọjà'ba. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ààrò rẹ̀, ihò èéfín rẹ̀ sì ga ju òrùlé ilé alájà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Iná ńlá ni wọ́n fi ń "fọ̀ ọ́" láti ọdún pípẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná náà gun òkè. Ìró la kọ́kọ́ gbọ́, ó ń hó bíi lọ́rí tó ru gẹdú tó ń gun òkè. Ọwọ́ kò ṣeé gbé lé ògiri mọ́, ìpẹ́pẹ́ iná sì ń já bọ́ sórí páànù àwọn aládùúgbò. Wọ́n sáré ti ilẹ̀kùn ààrò, wọ́n fi amọ̀ tútù dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Ìyẹn ló kó wa yọ. Nígbà tílẹ̀ mọ́ tí bíríkìlà tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ògiri ti sán. Ìka mi wọ ojú ibi tó sán.

Kí ló ń jó nínú ihò tí kò sígi níbẹ̀? Igi tí kò jó tán ni. Èéfín máa ń gbé omi àti òróró igi dání. Bó ṣe ń gòkè ló ń tutù, ohun tó bá sì tutù nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ògiri, bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí ìkòkò ìrẹsì. Àwọn òyìnbó ń pè é ní creosote, ọ̀dà ni. Lákọ̀ọ́kọ́, bí ìyẹ̀fun dúdú ló ń rí. Tó bá pẹ́, á di èépá. Tó bá wá burú tán, á máa dán bíi bàtà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní pólíìṣì. Bí èyí bá gbiná, ooru rẹ̀ lè kọjá 1,000°C, sìmẹ́ǹtì tó so bíríkì pọ̀ kò sì lè fara dà á. Ihò gíga ló léwu jù, torí òkè pátápátá, níbi tójú wa kò dé, lèéfín ti ń tutù jù.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé lẹ́yìn iná ńlá, díẹ̀ nínú èépá yẹn á já bọ́, ààrò á sì fa èéfín dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan. Òótọ́ kan wà níbẹ̀ o: igi gbígbẹ tó ń jó geere kì í jẹ́ kí ọ̀dà pọ̀. Ṣùgbọ́n ká dènà rẹ̀ lọ́tọ̀, ká fọ èyí tó ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀. Àjákù pákó tá à ń kó wá láti Bódìjà nígbà òjò, omi ló ń hó lẹ́nu rẹ̀ tá a bá kì í bọná. Ẹ kó o sábẹ́ òrùlé fún bí oṣù mẹ́fà ná.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló ń fọ ihò èéfín, ẹ sì lè ṣe é fúnra yín láti ìsàlẹ̀. Ẹ má gun páànù tó ti dípẹtà. Ẹ jẹ́ kí ààrò tutù fún odidi ọjọ́ kan. Kí búrọ́ọ̀ṣì bá ihò mu, onígun mẹ́rin fún ihò onígun mẹ́rin. Ẹ fi àpò tútù bo ẹnu ààrò, kẹ́ ẹ wá máa fi ọ̀pá kún ọ̀pá bẹ́ ẹ ṣe ń tì í sókè. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kẹ́ ẹ máa yí i sí. Tẹ́ ẹ bá yí i sósì, àwọn ọ̀pá á tú, búrọ́ọ̀ṣì á há sókè. Kí ẹnì kan dúró lóde, lókèèrè, tó máa pariwo tó bá ti rí i tó yọrí. Ẹ bo imú àti ara. Láti ọdún 1775 ni dókítà kan ní London, Percivall Pott, ti kọ ọ́ pé dúdú èéfín yìí ń fa jẹjẹrẹ fáwọn tó ń gbá ihò èéfín.

Ẹ fi ìṣó ha ògiri inú rẹ̀. Tí dúdú ibẹ̀ bá ti nípọn tó mìlímítà 3, àsìkò ti tó. Èyí tó bá ń dán kò ní gba búrọ́ọ̀ṣì. Ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ògiri bá sì ti sán, ẹ má dáná níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi tún un ṣe, torí carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò lóòórùn tójú kò sì rí, lè gba ibẹ̀ wọ yàrá táwọn ọmọ iṣẹ́ ń sùn, kó sì pa wọ́n sójú oorun.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la ń fọ ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi báyìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tá a ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, lẹ́yìn gbogbo iná tó ti jó níbẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta la kó jáde.